Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Díẹ̀ Wò: Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Jẹjẹrẹ Àtẹ́lẹsẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tí ètò ìlera wa wà níkàáwọ́ yín, ẹ̀yin Mínísítà ètò ìlera ní Àbújá, ẹ̀yin gómìnà àti kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó, ẹ̀yin ọ̀gá NHIA tí ẹ ń bójú tó adójútòfò ìlera, ẹ̀yin alákòóso iléèwòsàn ńlá àti kékeré, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín, n kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Mo mọ̀ pé ẹrù pọ̀ lọ́rùn yín. Ọ̀rọ̀ ibà wà níbẹ̀, ikú aláboyún wà níbẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn dókítà tó ń kó lọ sí ìlú òyìnbó náà wà níbẹ̀. Àrùn tí mo tìtorí rẹ̀ wá kò wọ́pọ̀ tó ìwọ̀nyí, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gba ẹjọ́ àwọn tó ń ṣe rò fi ṣọ̀wọ́n.

Ohun tí mo ń tọrọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní egbò tàbí àmì dúdú ní àtẹ́lẹsẹ̀, ní àtẹ́lẹwọ́ tàbí lábẹ́ èékánná, tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ fún oṣù méjì tí kò san, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí owó dá àyẹ̀wò náà dúró, ẹ má sì jẹ̀ẹ́ kí èsì rẹ̀ pẹ́ kó tó dé.

Ìdí ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Jẹjẹrẹ awọ ara kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní melanoma. Inú awọ ara olúkúlùkù wa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń pèsè èròjà dúdú tó fún wa láwọ̀. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i tí ara kò lè kó wọn níjàánu mọ́, melanoma ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lára àwọn aláwọ̀ funfun, oòrùn ló sábà máa ń fà á, ibi tí oòrùn ń pa lára wọn ni wọ́n sì ti sábà máa ń rí i. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, ibi tí oòrùn kì í dé ló máa ń mú: àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná. Acral melanoma ni wọ́n ń pe oríṣi yìí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009, oríṣi yìí kò ju bíi 2 lọ nínú 100 melanoma tó ṣe àwọn ará ibẹ̀ lápapọ̀. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó tó 36 nínú 100. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà wa ní Ìbàdàn náà ti kọ ọ́ sínú ìwé ìjìnlẹ̀ pé ẹsẹ̀ ni melanoma ti sábà máa ń yọ lára àwọn tí wọ́n ń tọ́jú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ awọ tó ń dààmú àwọn àfín wa. Ti àwọn àfín, oòrùn ló ń fà á. Fìlà, aṣọ gígùn àti ìpara tó ń dènà oòrùn lè dín in kù, ọ̀rọ̀ tiwọn náà sì tó ẹ̀bẹ̀ lọ́tọ̀. Fún jẹjẹrẹ àtẹ́lẹsẹ̀, kò sí fìlà, kò sí ìpara. Kò sí oúnjẹ tí ènìyàn lè jẹ tàbí èyí tí ó lè yẹra fún kó má baà ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ ẹ̀dá ni kí a tètè rí i, rírí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ẹ gbà síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa. Àmì dúdú kan yọ sí gìgísẹ̀ rẹ̀, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó rò pé ẹ̀gún oko ló kù síbẹ̀, ó fi abẹ fá a. Ó ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dá, ibẹ̀ wá di egbò. Àwọn kan ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní oríta ni, wọ́n ní kó wá ẹni tí yóò bá a wẹ ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò tú kápúsù dà sójú egbò náà. Nígbà tó dé iléèwòsàn alábọ́dé, ṣúgà ara rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí egbò ẹsẹ̀ tí kò bá jinná, ìtọ̀ ṣúgà ló ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ṣúgà rẹ̀ kò ga. Wọ́n fọ egbò, wọ́n fi bándéèjì dì í, wọ́n ní kó máa padà wá. Ó sì ń padà lọ.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń tú bándéèjì náà. Àárín egbò pupa, ó rin, kò sì rùn. Etí rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́. Ó dúdú, dúdú rẹ̀ kò sì dọ́gba yíká: ó ṣú dùdù lápá kan, lápá kejì ó fẹ́lẹ́, ó sì ti ràn bíi tàdáwà lórí awọ tí kò tíì dégbò. Mo bi bàbá bóyá ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní rárá o, kò dun àwọn, àwọn ṣì ń lọ sóko. Àìdùn yẹn gan-an ni ewu rẹ̀, torí ohun tí kò bá dunni, a kì í tètè kà á sí.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé bàbá lọ sí iléèwòsàn tó ga ju ìyẹn lọ, dókítà kan níbẹ̀ sì fura. Ó gé ẹran díẹ̀ létí egbò náà, ó fi sínú ìgò kékeré, ó kó o sínú ọ̀rá dúdú, ó sì gbé e fún ọmọ bàbá pé kó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò ní ìlú mìíràn. Ọmọ gbé e wọ mọ́tò. Nígbà tó débẹ̀, iye tí wọ́n pè kò sí lápò rẹ̀, wọn kò sì lè gba ìgò láìgba owó. Ó gbé ìgò náà padà wálé, ó gbé e sójú fèrèsé, ó sì bá ti owó lọ. Kí owó tó pé, kí èsì tó dé, kókó ti yọ síbi tí itan bàbá ti so mọ́ ara. Àrùn ti kúrò ní gìgísẹ̀ nìkan. Bàbá kò pẹ́ kú lẹ́yìn náà.

N kò dá nọ́ọ̀sì tó ń fọ egbò náà lẹ́bi. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe, tìfẹ́tìfẹ́ ló sì fi ń ṣe é. Dókítà tó fura ṣeun. Ọmọ tó gbé ìgò kiri ṣe bí ọmọ gidi. Kò sí èyí tó káwọ́ gbera nínú wọn. Ọ̀nà tí ì bá gbé ẹran inú ìgò yẹn láti ọwọ́ dókítà dé ojú ẹni tó lè kà á ni kò sí. Ẹ̀yin lẹ lè la ọ̀nà náà, ìdí nìyẹn tí mo fi kúnlẹ̀ síwájú yín.

Kí ni oṣù díẹ̀ já mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó já mọ́ ẹ̀mí. Láti 1970 tí dókítà Alexander Breslow ti fi hàn, bí melanoma bá ṣe jìn wọnú awọ tó ni wọ́n fi ń mọ bí ọjọ́ ọ̀la ẹni tó ń ṣe yóò ṣe rí. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí kò tíì jìn ju mìlímítà kan lọ, tí wọ́n bá gé e kúrò bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní i ló ń gbádùn. Èyí tó bá ti jìn ju mìlímítà mẹ́rin lọ, tójú rẹ̀ sì ti bẹ́, ó yẹ kí àyà jáni. Tó bá ti ràn dé kókó abẹ́ itan tàbí ti abíyá, ó ti le ju ìyẹn lọ. Tó bá wá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ, ṣàṣà ni ẹni tó ń bọ́ níbẹ̀.

Nínú ìwádìí 2009 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní oríṣi ti àtẹ́lẹsẹ̀ yìí, ìdá 80.3 ni melanoma kò tíì pa lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ku ìdá 67.5. Fún melanoma awọ ara lápapọ̀, ìdá 91.3 ni lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìdá 87.5 sì ni lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àrùn náà ti máa ń jìn, ó sì ti máa ń pẹ́ lára kí wọ́n tó rí i, ló fa ìyàtọ̀ náà. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ka ìyẹn o, níbi tí yàrá àyẹ̀wò kò ti jìnnà sí aláìsàn.

Bob Marley tí tèwe tàgbà wa mọ orin rẹ̀, àrùn yìí ló pa á. Ní 1977 ni wọ́n rí i lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ibi tó ti fara pa níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n gé ọmọ-ìka náà, kò gbà nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Èékánná àti ẹran abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gé, wọ́n sì fi awọ mìíràn bò ó. Ó wá ìwòsàn dé Jámánì nígbà tó ti ràn ká ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1981, ó kú ní Miami, ọmọ ọdún 36. Kò sí oògùn tí owó rẹ̀ kò ká nígbà náà. Lẹ́yìn tí àrùn ti jáde kúrò lẹ́sẹ̀, owó kò rí i ṣe.

Ìtọ́jú tó tètè yá, ohun tí apá wa ká ni. Iṣẹ́ abẹ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ yóò gé àrùn náà pẹ̀lú awọ tó dára yíká rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà kan fún èyí tí kò jìn, sẹ̀ǹtímítà méjì fún èyí tó jìn ju mìlímítà méjì lọ. Wọ́n lè bu awọ itan wá bo ojú ibẹ̀. Tó bá jẹ́ abẹ́ èékánná ni, ó lè gba pé kí wọ́n gé orí ọmọ-ìka náà. Wọ́n á yẹ kókó tó súnmọ́ ibẹ̀ wò bóyá àrùn ti ràn débẹ̀, aláìsàn á sì máa padà wá fún àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. A ní oníṣẹ́ abẹ tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé e àti bí wọ́n ṣe ń bu awọ ní àwọn iléèwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn, LUTH l'Ékòó àti OAUTHC Ilé-Ifẹ̀. Ohun tó ń bà wọ́n nínú jẹ́ ni pé ìgbà tí iṣẹ́ abẹ kò lè dá ṣe é mọ́ ni wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Fún èyí tó ti ràn, oògùn tuntun ti ń jáde láti 2011, àwọn tó ń ta ara jí kí òun fúnra rẹ̀ lè bá jẹjẹrẹ jà. Ìmọ̀ tó bí wọn ló mú kí James Allison àti Tasuku Honjo gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi nivolumab àti pembrolizumab kún àwọn oògùn kòṣeémánìí fún melanoma tó ti ràn. Owó wọn kọjá agbára òṣìṣẹ́ ìjọba, ká má tíì sọ ti àgbẹ̀. Oríṣi ti àtẹ́lẹsẹ̀ kì í sì í gbọ́ àwọn oògùn yìí tó oríṣi tí oòrùn ń fà. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Owó tí yóò gé ẹran díẹ̀ wò lónìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oògùn ẹni kan ṣoṣo lọ́la.

Ohun márùn-ún ni mo fi ń bẹ̀ yín, kí ẹ̀bẹ̀ kan yìí lè ṣeé ṣe.

Àkọ́kọ́, ẹ kọ̀wé sí gbogbo iléèwòsàn alábọ́dé pé kí wọ́n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti èékánná wò dáadáa kí wọ́n tó di bándéèjì. Ẹ kọ àwọn àmì náà síbẹ̀ ní èdè tí òṣìṣẹ́ ìlera lè kà fún aláìsàn: ojú ibẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti awọ tó kù, egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń rin, ohun tó ń tóbi, ohun tí kò jinná lẹ́yìn oṣù méjì, ohun tí kò sí ẹni tó lè sọ pàtó ohun tó jẹ́. Bí méjì nínú ìwọ̀nyí bá ti wà lójú kan, kí wọ́n fi aláìsàn ránṣẹ́. Ẹ fi yé wọn pé òmíràn wà tí kì í dúdú rárá, tó jẹ́ pé ẹran pupa lásán ni wọn yóò rí. Ẹ fi yé wọn pẹ̀lú pé ilà dúdú nínú èékánná wọ́pọ̀ lára wa, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í ṣe àrùn, pàápàá tó bá wà ní èékánná bíi mélòó kan. Ilà ẹyọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára àgbàlagbà, tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí dúdú rẹ̀ ti ṣàn bọ́ sórí awọ ẹ̀gbẹ́ èékánná, ni kí wọ́n má fojú di.

Èkejì, ọ̀rọ̀ owó. Òfin NHIA tí wọ́n buwọ́ lù ní 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì ṣètò àkànṣe owó fún àwọn tí kò rọ́wọ́ họrí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ gígé ẹran ara wò àti kíkà rẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò sínú ohun tí adójútòfò yóò san tán pátápátá, ní ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Kí aláìsàn má ṣe kọ́kọ́ san án kí wọ́n tó gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ gba ìgò kúrò lọ́wọ́ ẹbí aláìsàn. Iléèwòsàn tó gé ẹran ni kó fi ránṣẹ́, nínú omi formalin tó pé ìwọ̀n, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ lára rẹ̀. Ẹran tí kò bá sí nínú omi tó tọ́ á bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kò sì ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ dá ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ jáde, ẹ sì yan ẹni tí yóò pe aláìsàn lórí fóònù bí èsì bá dé.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ oògùn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe kí oògùn dé ọwọ́ aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́, torí Ilé-Ifẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀. Láti 2003 ni àwọn tó ní oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ti ń wá láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà sí OAUTHC láti gba imatinib lọ́fẹ̀ẹ́, nípa àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe oògùn náà. Imatinib yìí kan náà wúlò fún díẹ̀ lára àwọn tó ní melanoma àtẹ́lẹsẹ̀, àwọn tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé gene tó ń jẹ́ KIT nínú jẹjẹrẹ wọn ti yí padà. Ẹ̀yin Mínísítà, ẹ bá àwọn iléeṣẹ́ oògùn jókòó lórí èyí àti lórí nivolumab àti pembrolizumab. Orúkọ orílẹ̀-èdè wa nìkan ti tó kí wọ́n dá yín lóhùn.

Ìkarùn-ún, ẹ jẹ́ ká mọ iye wa. Láti 1960 ni ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ti wà ní UCH Ìbàdàn. Ẹ ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ní gbogbo ìpínlẹ̀, kí NICRAT, àjọ tí òfin 2017 dá sílẹ̀ fún ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ, lè mọ iye ẹsẹ̀ tí àrùn yìí mú, bó ti jìn tó nígbà tí wọ́n rí i, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú ìwé kì í sí nínú ìṣirò owó.

Ẹnìkan nínú yín lè sọ pé àrùn tí kò wọ́pọ̀ ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ń kú nítorí ohun tó wọ́pọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó báyìí: ìgò tí mo ń tọrọ, omi formalin inú rẹ̀, mọ́tò tí yóò gbé e àti dókítà tí yóò kà á, àwọn kan náà ni ìyá tó ní kókó lọ́mú ń dúró dè. Àwọn náà ni ẹni tó ní egbò lẹ́nu ń dúró dè, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ wú. Ọ̀nà tí ẹ bá là fún àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo wọn ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ní 2001, ní Àbújá tiwa níhìn-ín, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná ni wọn yóò máa ná sórí ìlera. N kò rán yín létí láti fi bú yín. Mo rán yín létí kí ẹ lè rí i pé ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún wà nínú ohun tí àwa fúnra wa ti gbà pé ó tọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin la ní. Iṣẹ́ márùn-ún yìí lè gba ọdún, àmọ́ ìwé tó máa lọ sí àwọn iléèwòsàn alábọ́dé kò gbà ju ojú ewé kan àti ìbuwọ́lù yín lọ. Ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá rí orúkọ yín lábẹ́ rẹ̀ yóò yí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ tó bá wá bá a sókè wò, yóò béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì mọ ẹni tó yẹ kó fi í ránṣẹ́ sí.

Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ ọ̀nà, ti àwọn ọmọ yín kò ní gbé wọn dé ibi àárẹ̀. Ẹ ó pẹ́ lórí oyè, ẹ ó sì fi í ṣoore. Mo tún kúnlẹ̀, mo bẹ̀ yín: ẹ kọ ìwé náà, ẹ san owó àyẹ̀wò náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ wò nígbà tí gígé ṣì lè wò ó sàn.